Ọkọ̀ Kékeré Láàárín Àwọn Tírélà

Ẹjọ́ méjì ló wọ́pọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń dá fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré. Ẹni àkọ́kọ́ á wò ó tòkètilẹ̀, á ní pósí onítáyà ni, pé bí tírélà bá fi imú kàn án lásán, ó parí. Ẹni kejì á ní ayé ti lajú, pé ọkọ̀ kékeré òde òní ní éábàágì, bíréèkì rẹ̀ múná, ó sì gba ìràwọ̀ nínú ìdánwò, nítorí náà kò sí ohun tí jíìpù fi jù ú lọ àfi fáàrí ẹni tó ni ín. Òtítọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rìn dé òpin ọ̀rọ̀ nínú wọn. Ohun tí ẹ̀rí fi hàn ni pé nǹkan méjì ló ń pinnu bóyá ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kékeré yóò jáde láàyè: bí wọ́n ṣe kọ́ ọkọ̀ náà, àti irú ọkọ̀ tó ń bá jìjàdù ojú ọ̀nà. Èkíní wà lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀. Èkejì kò sí lọ́wọ́ wọn rárá; ọwọ́ àwọn tó ń la ọ̀nà, àwọn tó ń ṣòfin àti àwọn tó ń di sìtíárì mú ló wà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2009, Insurance Institute for Highway Safety, àjọ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò Amẹ́ríkà ń náwó sí kó lè máa wádìí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá ọkọ̀, gbé àbájáde ìdánwò kan jáde tó fọ́ ọ̀rọ̀ yìí sí wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ kékeré mẹ́ta ni wọ́n mú, wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ lu ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀tá ni wọ́n fi wé tirẹ̀. Smart Fortwo kojú Mercedes C-Class, Honda Fit kojú Honda Accord, Toyota Yaris sì kojú Toyota Camry. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń sá eré 64 kìlómítà ní wákàtí kan. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn ọkọ̀ kékeré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba òǹtẹ̀ "ó dára" nígbà tí àjọ kan náà fi wọ́n kọ lu ìdènà ojú kan. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fìdí rẹmi. Smart yẹn fò sókè, ó sì pòyì yíká kan àti ìdá mẹ́rin kó tó balẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sún wá sókè bá ère tí wọ́n gbé jókòó sípò awakọ̀, sìtíárì yẹ̀ kúrò láàyè rẹ̀, ìwọ̀n tí wọ́n sì kà ní orí ère náà àti ní ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò fini lọ́kàn balẹ̀. Nínú Mercedes tó bá a pàdé, ibi tí awakọ̀ jókòó sí fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà.

Kí ló fà á? Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ kékeré wọ̀nyẹn kò mọṣẹ́. Ìṣirò kan wà tí ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ kò lè yí padà, ìṣirò ìwúwo ni. Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan tó wúwo tó 800 kìlógíráàmù àti òmíràn tó tó 1,600, kí àwọn méjèèjì máa sá eré 64 bọ̀, kí wọ́n sì forí gbárí. Wọn kò ní dúró sójú kan. Èyí tó wúwo á ti èyí tó fúyẹ́ sẹ́yìn, wọ́n á sì jọ forí lé apá ibi tí ọkọ̀ ńlá ń lọ tẹ́lẹ̀, ní eré bíi 21 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ wá wo ohun tó dé bá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni inú ọkọ̀ ńlá ń sá 64, ó já wálẹ̀ sí 21, ojú ibi tó ń lọ ló ṣì kọ sí: 43 ló ṣòfò. Ẹni inú ọkọ̀ kékeré ń sá 64 síwájú, ó sì ṣàdédé bá ara rẹ̀ tó ń fi 21 padà sẹ́yìn: 85 ni ìyípadà tó dé bá ara rẹ̀, ìlọ́po méjì ti ẹnì kejì rẹ̀. Eré kan náà ni wọ́n jọ ń sá, bẹ́líìtì kan náà ni wọ́n jọ so, ṣùgbọ́n ìyà náà kò dọ́gba. Ewu ikú tún yára pọ̀ ju ìyà yẹn lọ. Leonard Evans, onímọ̀ físíìsì tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní General Motors, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀ wò, ó sì rí i pé bí ọkọ̀ kan bá wúwo ní ìlọ́po méjì èkejì, ewu ikú awakọ̀ inú èyí tó fúyẹ́ máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po 12 ti ẹnì kejì.

Ìṣirò kejì jẹ́ ti gígùn imú ọkọ̀. Ẹ wo àgbọn tó já láti orí igi. Èèpo ìta rẹ̀, tó rí fọ́nrán-fọ́nrán bíi kànrìnkàn, ló ń gba ìró ilẹ̀. Igbá líle tó wà nínú èèpo kì í fọ́. Omi tó wà nínú igbá kì í dà nù. Bó ṣe yẹ kí ọkọ̀ rí gan-an nìyẹn. Béla Barényi, ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ Daimler-Benz, ló gbé èrò náà kalẹ̀ ní 1951: kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ rọ̀ kí wọ́n lè rún, kí àárín ibi tí èèyàn ń jókòó sí sì le kó má baà rún. Ní 1959, ọkọ̀ Mercedes tó gbé èrò náà wọ ọjà jáde. Ọdún yẹn náà ni Nils Bohlin ti ilé-iṣẹ́ Volvo gbé bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí jáde, irú èyí tí gbogbo wa ń so lónìí. Ìṣòro ọkọ̀ kékeré ni pé kò sí ibi tí èèpo yóò wà. Smart tó kọ́kọ́ jáde ní 1998 kò ju mítà méjì àbọ̀ lọ láti imú dé ìdí. Bí ara ẹni tó ń sá eré 64 bá rí mítà kan fi dúró, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ á tó nǹkan bí ìlọ́po 16 ìwọ̀n ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdajì mítà ló rí, ó di ìlọ́po 32. Fún ẹni tó wọn 70 kìlógíráàmù, ìyẹn ju tọ́ọ̀nù méjì lọ lórí àyà àti ìbàdí, kí ojú tó ṣẹ́.

Ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe Smart wá dá sí i ni pé kí wọ́n jẹ́ kí igbá inú le gidigidi. Wọ́n yí irin líle ká ibi ìjókòó, wọ́n pè é ní Tridion, wọ́n sì gbọ́kàn lé e pé bí igbá yìí bá kọ lu ọkọ̀ mìíràn, èèpo ọkọ̀ kejì ni yóò rún fún àwọn méjèèjì. Lọ́rọ̀ kan, èèpo ẹlòmíràn ni wọ́n fẹ́ yá lò. Ọgbọ́n náà kò burú. Ó gba ẹ̀mí là nígbà tí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú bá ní èèpo tó pọ̀ tó, tí eré kò sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ bá olówó pàdé. Ìdí tírélà kò ní èèpo tó fẹ́ yá ẹnikẹ́ni, ògiri kọnkéré kò ní, òpó iná kò ní. Bí igbá bá tiẹ̀ dúró digbí, omi inú rẹ̀ ṣì ń mì: ọpọlọ, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró èèyàn kò mọ̀ pé irin tó yí àwọn ká kò fọ́.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹni tó gbàgbọ́ pé irin àtijọ́ ni irin á ti máa mi orí, á ní ṣebí òun ti sọ ọ́ pé kí wọ́n dá àwọn ọkọ̀ ayé ìgbà kan padà fún wa, àwọn tí bọ́ńpà wọn lè wó ògiri. Ẹ̀rí tako ó. Lọ́dún 2009 yẹn kan náà, nígbà tí àjọ Amẹ́ríkà yìí pé àádọ́ta ọdún, wọ́n fi Chevrolet Bel Air ti 1959 kọ lu Chevrolet Malibu ti 2009. Ìwúwo àwọn méjèèjì kò jìnnà síra wọn, Bel Air náà ló sì gùn jù. Níbi tí ère inú Malibu ti fi ọgbẹ́ orúnkún àti ẹsẹ̀ jáde, ibi ìjókòó Bel Air fún pọ̀ mọ́ ère tirẹ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara ni, òkú ni ìbá jẹ́. Bọ́ńpà tó nípọn gbé agbára ìkọlù náà wá bá ẹni tó wà nínú ọkọ̀ láìdín in kù. Nítorí náà, nígbà tí ìwúwo bá dọ́gba, ọgbọ́n tí wọ́n fi kọ́ ọkọ̀ ló ń dájọ́. Nígbà tí ọgbọ́n bá dọ́gba, bíi ti Smart àti Mercedes, ìwúwo ló ń dájọ́. Ẹni tó bá di ọ̀kan mú tó sọ èkejì nù ti ṣi ẹjọ́ dá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ ìràwọ̀. Nínú ìdánwò tí wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gba ìràwọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìdènà kan ni wọ́n gbé kalẹ̀ tí kì í yẹsẹ̀, wọ́n á sì fi ọkọ̀ kọ lù ú. Ìwúwo ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ nìkan ló ń bá a jà níbẹ̀. Bí ẹni pé ó pàdé ìbejì rẹ̀ lójú ọ̀nà ni. Ìràwọ̀ tó bá gbà, láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti gbà á. Nínú ìjàkadì, ọmọ tó dá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọgbà ilé-ìwé lè jẹ́ akọni lóòótọ́, síbẹ̀ kò sí òbí tó máa tì í síwájú ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Euro NCAP, tó ń ṣe ìdánwò yìí ní Yúróòpù, mọ àléébù náà: láti 2020, wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kọ lu kẹ̀kẹ́ ìdánwò tó wúwo tó 1,400 kìlógíráàmù, òun náà ń sáré bọ̀. Wọ́n tún ń yọ máàkì lára ọkọ̀ tí imú rẹ̀ bá le débi tó fi máa pa ẹni tó bá pàdé lára. Àtúnṣe tó nítumọ̀ ni, nítorí ó gbà pé ààbò kì í ṣe ohun tí ọkọ̀ kan lè dá ní lójú pópó.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí fojú di ìràwọ̀. Ní 1997, nígbà tí Euro NCAP kọ́kọ́ gbé àbájáde jáde, ìràwọ̀ kan ṣoṣo ni Rover 100 gbà; kí ọdún náà tó parí, wọn kò ṣe é mọ́. Ní 2014, àjọ ìdánwò mìíràn, Global NCAP, dán àwọn ọkọ̀ kékeré márùn-ún tí wọ́n ń tà ní Íńdíà wò ní eré 64, Tata Nano tí ayé ń pè nígbà náà ní ọkọ̀ tó pọ́ọ́kú jù lọ wà lára wọn, kò sì sí ọ̀kan tó gba ìràwọ̀ kankan. Volkswagen Polo wà nínú márùn-ún náà; nígbà tí wọ́n fi éábàágì sí i, ó gba mẹ́rin. Suzuki S-Presso, tí àwọn awakọ̀ Uber ń gbé kiri Èkó, gba òdo ní 2020 nínú irú èyí tí wọ́n ń tà ní Íńdíà nígbà náà, tó ní éábàágì kan péré. Irú èyí tí wọ́n ń tà ní South Africa, tó ní méjì, gba ìràwọ̀ mẹ́ta ní 2022. Ní 2021, Tata Punch, tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà mẹ́rin, gba márùn-ún pé. Ọkọ̀ kékeré ni gbogbo wọn. Ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí ẹni tó ṣe wọ́n gbà láti ná lé wọn lórí, àti ohun tí ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan fi dandan mú un ná.

Ẹ̀rí kan tún wà tó yẹ kó dun àwa ará Áfíríkà, òun ló sì já irọ́ pé títóbi nìkan ti tó. Nissan NP300 Hardbody jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù gíga, kì í ṣe ọkọ̀ kékeré rárá. Global NCAP dán èyí tí wọ́n ń tà ní Áfíríkà wò ní 2018. Òdo ló gbà. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi Hardbody tuntun kọ lu Navara tòkunbọ̀ ti 2015, èyí tí wọ́n ti lò ní Yúróòpù. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí awakọ̀ inú èyí tó jẹ́ tuntun kú. Ẹni inú tòkunbọ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn kó sì máa rìn lọ. Nítorí náà, ẹni tó fi gíga ọkọ̀ tàbí òórùn ìjókòó tuntun wọn ààbò kò tíì wọn nǹkan kan.

Àbá tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé kí oníkálukú kúkú ra jíìpù. Ẹni tó dá àbá yìí kò parọ́ nípa ara rẹ̀, ẹlòmíràn ló gbàgbé. Ìwúwo tó ń dáàbò bo ọ̀kan ni ó ń pa èkejì, kò sì sí ibi tí eré ìje yẹn máa parí sí, nítorí tírélà yóò máa wúwo ju jíìpù lọ. Láàárín 1989 sí 1992 ní Amẹ́ríkà, jíìpù fi ìdá 132 nínú ọgọ́rùn-ún ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lásán lọ nínú pípa awakọ̀ ọkọ̀ tó bá kọ lù. Ní 2003, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ jọ ṣe àdéhùn láti mú kí irin iwájú jíìpù wálẹ̀ bá ibi tí irin iwájú ọkọ̀ kékeré wà, kó má baà gun orí bọ́ńpà rẹ̀ wọlé. Nígbà tó fi máa di 2013 sí 2016, 132 náà ti já wálẹ̀ sí 28. Ọkọ̀ kékeré tún rí ààbò gbà nítorí ohun tí wọ́n ṣe sára ọkọ̀ ńlá. Àwọn mìíràn á yí i padà, wọ́n á ní kí gbogbo ayé kúkú máa wa ọkọ̀ kékeré, ìwúwo á sì dọ́gba. Ìyẹn náà kò pé. Àkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà fún 2007 fi hàn pé nínú ìjàǹbá tí ọkọ̀ kan ṣoṣo dá ní, láìbá ọkọ̀ mìíràn pàdé, ènìyàn 35 ló kú fún mílíọ̀nù kan ọkọ̀ tó kéré jù lọ, 11 ló sì kú fún mílíọ̀nù kan èyí tó tóbi jù lọ. Igi ẹ̀bá ọ̀nà kò gbọ́ ìpolongo ìdọ́gba.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ẹni tó béèrè pé ta ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré wé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa lágbàáyé tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ọlọ́kadà. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó wọ ọkọ̀ kékeré ti rí igbá wọ̀, kódà bí èèpo rẹ̀ bá fẹ́lẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa ti ọkọ̀ kékeré kúrò nílùú. Ibi tó yẹ kó wà ló yẹ ká sọ. Ẹ wo kòròpé, àwọn bọ́ọ̀sì kéékèèké tó kún Èkó. Japan ni àwọn Suzuki Every àti irú rẹ̀ ti wá, níbi tí òfin ti fi dandan mú kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má gùn ju mítà 3.4 lọ, kó má fẹ̀ ju 1.48 lọ, kí ẹ́ńjìnì rẹ̀ má sì ju 660 sísì lọ. Kí ó tó di 1998, ìwọ̀n náà kéré jù báyìí lọ. Nítorí ààbò nínú ìkọlù ni Japan ṣe fi kún un. Ìrìn kúkúrú láàárín ìlú ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á tú sìtíárì rẹ̀ kúrò lápá ọ̀tún sí òsì, wẹ́dà á jó ìjókòó mìíràn mọ́ ọn, ẹsẹ̀ èrò iwájú á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ńpà. Ìràwọ̀ kì í tẹ̀ lé ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà. Láàárín àdúgbò, níbi tí eré kò ti lè kọjá ogójì, ó ṣì sàn ju ọ̀kadà lọ. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, láàárín táńkà epo, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Ẹni tó kù ni ẹni tó máa ní ọjọ́ ló pé, pé orí ló ń gbani. Àwọn tó fún wa ní ọ̀rọ̀ orí náà ló sọ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n dúró lé ni pé ikú ojú ọ̀nà ní ìdí tí ọwọ́ èèyàn tó. Ìdí tó súnmọ́ ọwọ́ jù lọ ni eré. Agbára ìkọlù kì í fi ìlọ́po méjì pọ̀ nígbà tí eré bá di ìlọ́po méjì. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń jẹ́. Òfin Nàìjíríà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní 50 kìlómítà láàárín ìlú àti 100 lójú márosẹ̀. Ọkọ̀ kan náà tó sá 50 ládùúgbò, bó bá sá 100 lójú márosẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin agbára tí imú rẹ̀ kékeré yẹn gbọ́dọ̀ mú mọ́ra ló gbé lọ. Ohun tí ìjọba lè ṣe pọ̀: kí wọ́n kọ̀ láti jẹ́ kí ọkọ̀ tó gba òdo wọlé, kí wọ́n fi irin sí ìdí tírélà kí ọkọ̀ kékeré má baà wọ abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ya ojú ọ̀nà ẹrù sọ́tọ̀ kúrò lára ti èrò, kí wọ́n sì dí kòròpé lọ́wọ́ láti gun márosẹ̀.

Kí ìyẹn tó dé, ìbéèrè mẹ́ta ló tọ́ sí ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀ kékeré tó fẹ́ rà. Ìràwọ̀ mélòó ni irú èyí gan-an gbà, láìjẹ́ irú tí wọ́n ń tà ní ìlú mìíràn? Ǹjẹ́ bẹ́líìtì àti éábàágì rẹ̀ ṣì wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe fi wọ́n sí i? Ọ̀nà wo ni yóò máa gbà lójoojúmọ́? Bí ìdáhùn kẹta bá jẹ́ ilé sí ọjà, ilé sí ilé-ìwé àwọn ọmọ, owó rẹ̀ kò ṣòfò. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn sí Èkó lóru, ìdáhùn sí ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ kò tó.